Adégòkè Adélabù: Márùn-ún lọ, òun nìkan dúró

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkirè àti Àpòmù, bí nǹkan bá dàrú, tí ẹ ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́sì ti dé, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yẹn? Adégòkè Adélabù ni, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí lọ́dún 1915. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, peculiar mess, ni àwọn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ ọ́ di Yorùbá.

Ọ̀mọ̀wé ni o. Ó ka Government College Ìbàdàn, ó dé Yaba Higher College, ó ṣiṣẹ́ ní UAC, ó sì kọ ìwé Africa in Ebullition lọ́dún 1952.

Ìbò 1951 la fi mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ Ibadan People's Party mẹ́fà ló wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn láti Ìbàdàn. Márùn-ún bá Action Group ti Awólọ́wọ̀ lọ, ọ̀kan nínú wọn sì di mínísítà. Adélabù, ọmọ ọdún 36, nìkan ló dúró ti NCNC. Ó gbà pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ló yẹ ká jọ kọ́.

Ó tún gbà pé mẹ̀kúnnù ló ni ìlú. Ìyẹn ló fi bá àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Máyégún ṣe, àwọn tí inú ń bí torí pé ìjọba ń gé igi kòkó wọn nítorí àrùn. Ẹni tó bá dàgbà sí oko kòkó lágbègbè wa mọ bí ìyẹn ṣe dun èèyàn tó.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ó di alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn lọ́dún 1954, ó di mínísítà àpapọ̀ lọ́dún 1955. Ìgbìmọ̀ Nicholson wádìí ìjọba ìbílẹ̀ náà, wọ́n rí ìwà ìbàjẹ́, ó sì fipò méjèèjì sílẹ̀ lọ́dún 1956. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà, àwọn èèyàn ẹ̀ tún dìbò fún un, ló bá di olórí alátakò nílé aṣòfin.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹta, 1958, jàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Òde Rẹ́mọ, lọ́mọ ọdún 42. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn àti àwọn abúlé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Òmìnira ku ọdún méjì péré.

Lónìí, ìbò ò tíì dé tí olóṣèlú á ti pààrọ̀ ẹgbẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ bi í: kí ló gbàgbọ́ tí kò ní tìtorí ipò tà?