Samuel Coleridge-Taylor: Ẹni tó gbé orin Yorùbá sórí dùùrù lọ́dún 1905

Nínú orin dùùrù 24 tí Samuel Coleridge-Taylor gbé jáde lọ́dún 1905, ọ̀kan jẹ́ orin Yorùbá, Oloba. Victoria Randle ti ìlú Èkó ló fún un. London ni wọ́n bí Coleridge-Taylor sí lọ́dún 1875. Dókítà ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ní Croydon.

Ọgbọ́n kan náà ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Yóò kọ́kọ́ gbé orin náà kalẹ̀ láìfi ohunkóhun kún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa dárà sí i: yóò fà á gùn, yóò mú un yára, yóò fi ohùn mìíràn bò ó. Ẹni tó ti gbọ́ ìyá ìlù tí ń yí gbólóhùn kan ṣoṣo po mọ adùn ibẹ̀. Etí a máa wá orin àkọ́kọ́ kiri, a sì tún rí i níbi tí kò ronú sí.

Lọ́dún 1906, ó mú ọ̀kan nínú wọn, orin ìbànújẹ́ àwọn ẹrú dúdú Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá fún ọ́kẹ́sírà: Symphonic Variations on an African Air.

Òkìkí kò di owó. Hiawatha's Wedding Feast, tó sọ ọ́ di olókìkí lọ́dún 1898, gínì 15 péré ló tà á pátápátá, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló jèrè rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ àti ìdarí ẹgbẹ́ akọrin ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì. Òtútù àyà pa á ní September 1, 1912, lẹ́ni ọdún 37. Ọba George Karùn-ún ló wá ń fún Jessie, opó rẹ̀, ní £100 lọ́dọọdún.