Ìtàn Ìgbésí Ayé Frederick James Furnivall, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Tí Ó Sọ Àwọn Ọ̀dọ́ Di Ọ̀mọ̀wé

 A tún mú ìtàn ẹni ńlá kan tí ó ti kú tipẹ́ wá, kí a lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí a mú wá yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kò sì kó ọrọ̀ jọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni. Owó ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ń dá lọ́dọọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jẹ èrè rẹ̀ títí di òní.

Ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 1825, ni a bí Furnivall ní ìlú Egham, tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó kọ́ ní Yunifásítì Cambridge, ó sì di lọ́yà ní ọdún 1849. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí ní ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1854 ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun a máa kọ́ wọn ní gírámà àti ní ewì àwọn àgbà akéwì Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ láti orí Geoffrey Chaucer, ẹni tí ó kú ní ọdún 1400, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kà sí bàbá ewì wọn.

Láti ọdún 1853 ni ó ti jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí ó fi kú. Ẹgbẹ́ yìí ni ó dáwọ́ lé ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá nì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Nígbà tí ẹni tí ń ṣe olóòtú rẹ̀ kú ní ọdún 1861, Furnivall ni a fi rọ́pò. Kò pẹ́ tí ó fi rí ohun tí ń dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Inú ìwé àfọwọ́kọ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà, ilé àwọn ọlọ́lá àti ibi ìkówèésí ńlá sì ni ìwé náà wà. Ọmọ tálákà tí ó ní òye kò lè fojú kàn wọ́n, kí a má tilẹ̀ sọ pé yóò kà wọ́n.

Nítorí náà, ní ọdún 1864, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa tẹ àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jáde. Pọ́ùn kan àti ṣílè kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san lọ́dún. Owó náà ni a fi ń tẹ ìwé, ìwé náà ni a sì fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó san owó. Ní ọdún 1868 ó dá Ẹgbẹ́ Chaucer sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí mú ìwé àfọwọ́kọ mẹ́fà tí ìtàn Canterbury wà nínú wọn, ó sì tẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, kí ó sì fi ọ̀kan wé èkejì.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù. Àlùfáà ni Walter Skeat nígbà tí àìsàn ọ̀fun lé e kúrò lórí àga ìwàásù. Ní ọdún 1864 Furnivall gbé ìwé àfọwọ́kọ kan lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Skeat kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Furnivall ní kí ó kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ. Ìwé náà jáde ní ọdún 1865. Ní ọdún 1878 Skeat di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, òun náà ni ó sì ṣe olóòtú iṣẹ́ Chaucer tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 1894. James Murray kúrò ní ilé-ìwé ní ọmọ ọdún 14. Ẹgbẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1872, nígbà tí ó ṣì jẹ́ tíṣà, ní ọdún 1879 ó sì di olóòtú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá náà. Lucy Toulmin Smith ń kọ́? Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1869 láì parí ìwé lórí òfin àwọn ẹgbẹ́ alájọṣe àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin náà ni ó parí rẹ̀, ẹgbẹ́ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1870, ní ìgbà tí yunifásítì Oxford àti Cambridge kò tíì fún obìnrin ní oyè.

A kò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Furnivall mọ iṣẹ́ dá sílẹ̀ ju bí ó ti mọ̀ ọ́n tọ́jú lọ. Nígbà tí Murray gba àwọn ìwé pélébé tí a kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, òkú eku ni ó bá nínú àpò kan, eku tí ó bímọ sì wà nínú òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀ bá báńkì Overend Gurney lọ nígbà tí ó wó ní ọdún 1866. Èyí tí ó burú jù ni ahọ́n rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún Shakespeare ní ọdún 1873, ṣùgbọ́n òun àti akéwì Swinburne bẹ̀rẹ̀ sí bú ara wọn nínú ìwé. Ní ọdún 1881 ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kú ṣáájú olùdásílẹ̀ rẹ̀. Àìsí owó kọ́ ni ó pa á, ìjà ni.

Furnivall kú ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 1910, ní ẹni ọdún 85. Nígbà náà, ìwé tí ẹgbẹ́ ìwé àtijọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ lé ní 200, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Ẹgbẹ́ Chaucer ti àkọ́kọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun ti dìde lórúkọ akéwì kan náà, a sì máa fi owó ọkọ̀ ran àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ lọ́wọ́ láti wá sí àpérò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ni a rí kọ́? Ekìní, owó ẹgbẹ́ tí ó kéré, tí a sì san déédé, lè gbé ọmọ tí a kò mọ̀ dé ipò tí a kò rò. Èkejì, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọ̀dọ́ bá mọ iṣẹ́ tán kí ẹ tó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa nínú ìpàdé. Bí ọmọ ìlú wa kan bá wá bá wa pé òun fẹ́ kọ ìtàn ìlú yìí, tàbí pé òun fẹ́ fi ìwé àwọn àgbà òǹkọ̀wé Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ má ṣe bi í léèrè irú oúnjẹ wo ni yóò ti ibẹ̀ jáde. Ẹ bi í léèrè iye tí ìwé náà yóò ná wa, kí a sì dá a.