Ààrẹ Látòósà: Jagunjagun tó jáde lọ sógun tí kò padà wálé mọ́

Àwọn tó ń gbé Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ mọ ohun tí ọ̀nà jẹ́ fún ìlú. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló gba Mowe àti Ibafo kọjá. Ojú irin àti títì Èkó sí Abẹ́òkúta ló gba Ifọ̀. Bí ọ̀nà bá dí fún wákàtí díẹ̀ péré, ariwo a ta. Ṣùgbọ́n ní 1877, odidi ọ̀nà tó lọ sí etíkun ni àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tì mọ́ Ìbàdàn, ó sì le fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀ jù ni Ọbádòkè Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Yorùbá.

Ọmọ Ìlọrà, nítòsí Ọ̀yọ́, ni Látòósà. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá ní Ìbàdàn. Ogun ló fi dé ipò. Lẹ́yìn ikú Baálẹ̀ Orówùsì ní 1871, òun ló di olórí Ìbàdàn. Kò fẹ́ jẹ́ Baálẹ̀, oyè Kakaǹfò ló bèèrè lọ́wọ́ Aláàfin Adélù, ó sì gbà á. Akọni ni, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀ràn, kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn lágbára lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fojú winá rẹ̀ ni Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, obìnrin olówó tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ fi kàn án ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, bẹ́ẹ̀ ni kò wá pàdé òun nígbà tí òun dé. Ní 1874 ni wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì rán ẹrú rẹ̀ pa á lórí ibùsùn. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn Ẹ̀gbá wọra.

Ní 1877, Ààrẹ rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù ìbọn ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Púpọ̀ nínú àwọn ìjòyè Ìbàdàn ni kò fẹ́ bá Ẹ̀gbá jà nítorí èyí, ṣùgbọ́n Ààrẹ taku. Ní ìparí oṣù keje ọdún náà, ọmọ ogun Ìbàdàn ya wọ oko àwọn Ẹ̀gbá. Kí ni èrè rẹ̀? Ẹ̀gbá ti ọ̀nà pa, Ìjẹ̀bú náà tì í. Iyọ̀ wọ́n, ẹ̀tù wọ́n. Dípò kí Ààrẹ tún inú rò, àwọn ìjòyè tó tako ogun náà ló dojú kọ. Ayéjẹnkú tí í ṣe Fọ̀kọ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, Ìyápọ̀ tí í ṣe Sẹ̀ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, náà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé Ààrẹ kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún wọn.

Ní 1878, ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ àwọn ará Èkìtì sú wọn. Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó wà nílùú rẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣẹ́gun ní Ìkìrun lọ́dún yẹn, nínú ogun Jálumi, ṣùgbọ́n ikú mú un ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni Ààrẹ fúnra rẹ̀ jáde, ó ní ogun tí yóò fi òpin sí gbogbo ogun ni.

Kàkà kí ó rí bẹ́ẹ̀, Kírìjì ló bá pàdé. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ló ṣáájú àwọn Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn gba ọ̀nà Oǹdó, nígbà tí ọ̀nà ti dí mọ́ Ìbàdàn. Ìlọrin ń jà lápá Ọ̀fà, Ifẹ̀ kẹ̀yìn sí wọn ní 1882, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò sì dẹ̀yìn. Ọ̀nà márùn-ún ni ogun gbà yọ sí Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun tó yẹ kó gbìmọ̀ pẹ̀lú Ààrẹ ti lọ sí ọ̀run, àwọn tó kù kò fẹ́ràn rẹ̀, ogun ti sú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti wí.

Ní 1885, Látòósà kú sí ibùdó ogun, nítòsí Ìgbájọ. Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Síbẹ̀, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò là pátápátá títí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin láti Èkó, tó gba Ifọ̀ kọjá, wọ Ìbàdàn.

Oyè Kakaǹfò wà láìní ẹni tó jẹ ẹ́ títí di 1964 tí wọ́n fi Olóyè S. L. Akíntọ́lá jẹ ẹ́. Ìtàn Látòósà kò fi hàn pé ojo ni. Ohun tó fi hàn ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Olórí tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìka rẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ọjọ́ tí ogun bá dé, kò ní rí ohun tí yóò fi di idà mú.