Gbẹ̀hánzìn, ọba tó fi ẹrú ra ìbọn de ogun Faransé

Láti ọdún 2022 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti kó àwọn ọmọ ogun lọ sí Alibori àti Atakora, nínú iṣẹ́ ààbò tí wọ́n pè ní Mirador, ọ̀rọ̀ ológun kì í wọ́n lọ́jà Glazoué. Bí wọ́n ti ń já iṣu àti àgbàdo sílẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn: ṣé ohun ìjà tuntun ni yóò dáàbò bo ìlú, àbí nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn ìbọn?

Ó ti lé ní 130 ọdún tí ọba kan ti kojú ìbéèrè yìí ní Àgbómẹ̀. Gbẹ̀hánzìn ni, ẹni tí àwọn Faransé ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Béhanzin. Ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé akọni ni, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà níbí, ìtàn rẹ̀ ní apá kan tí a kì í sábà kà nínú ìwé.

Ọmọ Glèlè ọba Dàhọ̀mì ni. Kondo ni wọ́n ń pè é kó tó gorí oyè. Ìlú tó dàgbà sí kì í jókòó jẹ́ẹ́: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí ọ̀nà gbẹ, ogun ni. Tọkùnrin tobìnrin ní í jà, àwọn obìnrin ológun náà sì lè burú ju ọkùnrin lọ. Abẹ́òkúta lé wọn padà ní 1851 àti 1864. Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1886 Dàhọ̀mì fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ. Ní ti àwọn baba wa ní Ìdáàṣà, orí àpáta ni wọ́n sá lọ. Ẹni tó bá rí àwókù ilé lókè, kó má rò pé afẹ́fẹ́ tútù ni wọ́n ń wá.

Glèlè wàjà ní òpin ọdún 1889, Kondo sì di Gbẹ̀hánzìn. Kò tíì gbóná lórí ìtẹ́ tí Faransé fi gba Kùtọnù ní oṣù kejì ọdún 1890. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, àwọn jagunjagun rẹ̀ kọlu ibùdó Faransé níbẹ̀ lóru. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, wọ́n tún pàdé ní Atchoupa, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, níbi tí ọba Toffa ti gbè sẹ́yìn Faransé. Àwọn ènìyàn Gbẹ̀hánzìn kú púpọ̀ lójú ìjà méjèèjì. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n ṣe àdéhùn: Kùtọnù di ti Faransé, wọn yóò sì máa san 20,000 fránkì fún ọba lọ́dọọdún.

Ọba gba owó, ṣùgbọ́n kò sùn. Ó ti rí i pé ìbọn ṣakabùlà, tí ènìyàn máa ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kó tó yìn ín, kò lè kojú ìbọn tí ń yìn léraléra. Ó sì mọ̀ pé Faransé yóò padà wá. Ó ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò Jámánì ní Wídà. Láàárín oṣù kìíní 1891 sí oṣù kẹjọ 1892, ìbọn ìgbàlódé 1,700, àgbá Krupp mẹ́fà, ìbọn arọ̀jò-ọta márùn-ún àti ọta 400,000 wọ ọwọ́ rẹ̀. Fún ọba tí kò ní ilé iṣẹ́ ìbọn, iṣẹ́ ńlá ni.

Kí ló fi san án? Epo pupa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú, nítorí náà wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n ń tà ní lébìrà. Ní 1891, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gravenreuth ra bí 370 ọkùnrin àti obìnrin ní Dàhọ̀mì, ó kó wọn lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n sì sọ púpọ̀ nínú wọn di ológun láìsan owó fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1893, nígbà tí aláṣẹ Jámánì kan ní kí wọ́n na àwọn obìnrin wọn lẹ́gba, wọ́n dìtẹ̀ ní Duala.

Ìbọn dé, ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Oríṣiríṣi ni ìbọn náà, ọta èyí kò bá tọ̀hún mu. Púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun ṣì ń yìn ín láti ìbàdí bí wọ́n ti ń yin ṣakabùlà, ọta ń gba orí ọ̀tá kọjá.

Ọ̀gágun Alfred Dodds, ọmọ bíbí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ló kó nǹkan bí 2,000 ológun wá ní 1892. Ó gba etí odò Wẹ̀mẹ̀, kí ọkọ̀ ogun lè máa tẹ̀lé e. Àwọn Dàhọ̀mì tó nǹkan bí 12,000. Wọ́n jà ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, ní Poguessa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, àti ní Adégon ní ọjọ́ kejì ọjọ́ kejì rẹ̀, níbi tí Faransé ti fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ojo ni wọ́n.

Nígbà náà ni ohun tí ọba kò múra sílẹ̀ fún ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹrú Yorùbá tó ń roko fún Àgbómẹ̀ rí i pé ọwọ́ olówó wọn ti há. Àwọn tí ogun Dodds dá sílẹ̀ nínú wọn ba irè oko jẹ́, ebi sì wọ àárín àwọn jagunjagun. Lójú tiwa, ibí ni ogun náà ti bàjẹ́ jù: ẹni tó ń bọ́ ogun rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kó borí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, Dodds wọ Àgbómẹ̀. Gbẹ̀hánzìn ti dáná sun ààfin, ó sì ti kọrí sí àríwá, sí Atchérigbé, lọ́nà ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó ju ọdún kan lọ tó fi ń kó ogun jọ tó sì ń sá kiri. Faransé fi Agoli-Agbo, arákùnrin rẹ̀, jọba ní oṣù kìíní 1894. Kí oṣù náà tó parí, Gbẹ̀hánzìn jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, lókè òkun. Ó bẹ̀bẹ̀ títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé. Àljíríà ni wọ́n gbé e lọ ní 1906, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún náà. Ọdún 1928 ni egungun rẹ̀ tó padà sí Àgbómẹ̀.

Lónìí, ère rẹ̀ wà ní Goho. Ní oṣù kọkànlá 2021, Faransé dá ohun ìní ààfin 26 padà, tí ère tó fi í hàn bí ẹja ekurá wà nínú wọn. Ní ti Kétu, nígbà tí ogun parí, àwọn tó kù nínú ẹrú padà láti Àgbómẹ̀, wọ́n tún ìlú wọn tẹ̀ dó, wọ́n sì fi Alákétu mìíràn jẹ.