Jean Rouch: Ẹni Tó Fi Oòrùn Ṣe Iná

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Niamey ló mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Centre Culturel Franco-Nigérien Jean Rouch tẹ́lẹ̀, yálà a ti wo sinimá níbẹ̀ tàbí a kàn ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, pàápàá fún àwọn ọmọ wa tó ń ya fọ́tò àti fídíò níbi ìkómọjáde àti ìgbéyàwó.

Paris ni wọ́n ti bí Jean Rouch ní ọdún 1917. Iṣẹ́ ẹnjiníà ọ̀nà àti afárá ló kọ́, iṣẹ́ yìí ló sì gbé e dé Niamey ní ọdún 1941, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1942, àrá pa lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lójú iṣẹ́. Wọ́n ní Dongo ló bínú, ẹni tó jẹ́ òrìṣà àrá fún àwọn Songhai bí Ṣàngó ti jẹ́ fún wa. Damouré Zika, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdílé àwọn apẹja Sorko, mú un lọ bá ìyá àgbà rẹ̀ tó mọ ètùtù náà ṣe. Ohun tí Rouch rí lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Láti 1946 sí 1947, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Jean Sauvy àti Pierre Ponty, wọ ọkọ̀ igi gba orí Odò Ọya láti orísun rẹ̀ dé òkun. Kámẹ́rà Bell & Howell àlòkù kan ló mú dání. Kò pẹ́ tí omi fi gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà náà lé lọ, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbé e. Ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń wá a bí aago, kò sì lè ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25 lọ kí wọ́n tó tún un wá.

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tó ṣe ní ìgbèríko, oòrùn ni iná rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ fọ́tò mọ ohun tí a ń wí. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa da òjìji dúdú sí abẹ́ ojú ènìyàn, ti àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló rọ ojú lọ́rùn. Ẹni tó gbé iná tirẹ̀ wá lè ní kí àwọn ènìyàn dúró de òun. Ẹni tí oòrùn ni iná rẹ̀, òun ni yóò dúró dè wọ́n.

Rouch mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú ní Simiri, àríwá Niamey, ní oṣù kẹta ọdún 1971. Àwọn ará abúlé ń bẹ àwọn òrìṣà igbó kí eéṣú má baà jẹ oko wọn. Wọ́n lu ìlù lọ́jọ́ mélòó kan, òrìṣà kò gun ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, Rouch gbé kámẹ́rà, ó rìn wọ agbo ìlù, ó sì yà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdá a dúró. Ìlù fẹ́ dákẹ́, kò gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òrìṣà dé. Fíìmù yẹn ni Tourou et Bitti. Ká ní ó ní kí òun lọ wá iná, kì bá tí bá a.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yìn ín. Les Maîtres fous, tó jáde ní ọdún 1955, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà nínú. Ní ọdún 1965, Ousmane Sembène ará Senegal bá a jiyàn lójúkojú pé kò fi ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ wò wá. Oumarou Ganda, ọmọ Niamey tó ṣiṣẹ́ ní èbúté Abidjan, ṣeré nínú Moi, un noir tí Rouch ṣe ní 1958. Nígbà tó yá, Ganda gbé kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ó ṣe Cabascabo ní 1968, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO ọdún 1972. Oòrùn kan náà ló ràn lé àwọn méjèèjì lórí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ síra.

Jàǹbá ọkọ̀ pa Rouch nítòsí Birni-N'Konni ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2004, ní ẹni ọdún 86. Niamey ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Àwọn bàbá àti ìyá wa tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí ń dínkù lọ́dọọdún. Kámẹ́rà wà nínú fóònù wa, a kò sì ní láti dúró de jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kí a yà wọ́n, kí a kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọdún tí wọ́n dé sí i. Ọmọ wọn ni kó yà wọ́n, kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.