Olóyè Kòfowórọlá Abẹ́ní Pratt (1915–1992): Ìyá Àwọn Nọ́ọ̀sì

Nínú ìwé àjọ̀dún tòní, obìnrin kan tó mọ bí a ṣe ń ṣe olórí nílé ìwòsàn la fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ pè wọ́n wá kà á.

Èkó ni wọ́n ti bí Kòfowórọlá lọ́dún 1915, nínú ìdílé Scott. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò fẹ́. Láyé ìgbà yẹn, wọn ò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́lá. (Ẹ má bínú sí bàbá o, ṣebí àwa náà ń yan iṣẹ́ fún ọmọ wa.) Ó gbọ́ràn, ó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní UMC n'Íbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní CMS Girls' School l'Ékòó láti 1936 sí 1940. Lọ́dún 1941 ló fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olú Pratt, apòògùn.

Ìgbà tí ọkọ ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní London ni ìyàwó náà rí àyè ṣe ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún 1946, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Abilékọ ẹni ọdún 31, tíṣà tẹ́lẹ̀, ló padà di ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń da póò. Aláìsàn òyìnbó kan tilẹ̀ wà tó ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun torí pé aláwọ̀ dúdú ni. Kò torí ẹ̀ kẹ́rù. Ó parí ẹ̀kọ́ lọ́dún 1950, ọ̀pọ̀ ló sì ń pè é ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Ibi tọ́rọ̀ wá dùn wá dé báyìí. Lọ́dún 1954 ó padà sílé, ó sì béèrè iṣẹ́ sísítà wọ́ọ̀dù. Wọn ò kọ́kọ́ fún un! Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi irú ipò yẹn sílẹ̀ fún, nílẹ̀ baba tiwa. Ìwé ẹ̀rí London wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ẹlòmíì ì bá ká aṣọ ẹ̀, kó padà sí London. Òun dúró, ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un dáadáa, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ní UCH Ìbàdàn, títí ó fi di métírọ̀n níbẹ̀ lọ́dún 1964, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga náà. Kò fi owó ra ọlá lóòótọ́.

Ohun tí àwa fẹ́ràn jù ni ohun tó fi àga náà ṣe. Métírọ̀n tó ti da póò rí mọ ibi tí iṣẹ́ ti le, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó lè fi irọ́ tàn án. Kò wá joyè kó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń tọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà láti gbapò àwọn òyìnbó, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1965. Kò pẹ́ lórí àga yẹn rárá. Ìjọba àpapọ̀ mú un lọ ṣe olórí gbogbo nọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa.

Ó tún ṣe ààrẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, NCWS. Lọ́dún 1973, ó gba àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Red Cross àgbáyé, ó sì di kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, títí di 1975.

Ojú ẹ̀ ló ṣe tí nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Justus Akinsanya, fi kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde lọ́dún 1987. Oṣù kẹfà 1992 ni ìyá dágbére fáyé.