Andrew Foster àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ọmọ Adití

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1925 ni a bí Andrew Foster ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírùnyírùn kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì di adití.

Ó yẹ kí olùkọ́ fiyè sí ọjọ́ orí yìí. Ẹni tí ó ti gbọ́ èdè fún ọdún 11 ti ní ìró àti gbólóhùn lórí; kí ohùn rẹ̀ má bàa sọnù ni iṣẹ́ tí ó kù. Ọmọ tí kò gbọ́ràn láti ìgbà tí a ti bí i kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àpérò àwọn olùkọ́ adití tí ó wáyé ní Milan ní ọdún 1880 kò tilẹ̀ wo ìyàtọ̀ yìí: ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n ní kí a pa èdè àfọwọ́sọ tì. Láti ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọmọdé a jókòó síwájú dígí, a fi ọwọ́ kan ọ̀fun olùkọ́ láti mọ bí ohùn ti ń gbọ̀n, a sì máa pe sílébù kan ṣoṣo ní àpètúnpè. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ a jìyà. Àkókò tí ó yẹ kí ó fi kọ́ ìṣirò àti ìtàn, ìdánrawò ẹnu ni ó ń fi í ṣe.

Àwọn ilé-ìwé adití aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà kò tẹ̀ lé òfin yẹn tó bẹ́ẹ̀. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní Talladega ni Foster lọ. Gallaudet kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á ní ọdún 1951. Ó gboyè ní 1954. Ní 1957 ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra, ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá lò. Ní 1960 ó dé Nàìjíríà, ó sì dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Ọwọ́ ni ó fi ṣáájú níbẹ̀.

Kí a wo ìdí rẹ̀ láti inú èdè Yorùbá. Jẹ́ kí a fi ọmọ adití kan sí ibùdókọ̀ Òrè, tàbí sí abúlé kan ní Odígbó, kí ó máa wo ètè ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń lọ sí Benin, ọkọ́ tí a fi ń ro oko kòkó, àti ọkọ tí obìnrin fẹ́, bákan náà ni wọ́n rí lẹ́nu. Ohùn ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀, inú ọ̀fun sì ni ohùn wà. Bàbá àti màmá pàápàá kò yàtọ̀ lójú ẹni tí ń wo ètè.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Foster ní àbùkù tirẹ̀ lójú wa. Àmì Amẹ́ríkà ni ó mú wá, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn àmì tí adití ilẹ̀ yìí ti ń lò nílé kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ Odígbó lè padà wálé pẹ̀lú èdè tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Ilé-ìwé tí ó lé ní 30 ni Foster dá sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 13. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1987, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ó wọ̀ já lulẹ̀ ní Rwanda, ibẹ̀ ni ó sì kú sí.